Alberto Vojtěch Frič, Ọdẹ Kákítọ́ọ̀sì

Olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni olókìkí kan tó ti kú tipẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mú Mọremí, wọ́n mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wọ́n mú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Èmi mú ọkùnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Orúkọ rẹ̀ ni Alberto Vojtěch Frič. Ará ìlú Prague ni, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Czech lónìí. Wọ́n máa ń pè é ní ọdẹ kákítọ́ọ̀sì. Ìdí tí mo fi mú un ni pé irú kákítọ́ọ̀sì tó wà lójú fèrèsé yàrá mi, òun ló lọ wá a rí nígbà tó ti sọnù fún nǹkan bí 80 ọdún.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kákítọ́ọ̀sì jẹ́. Màmá àgbà mi ní Ìbàdàn máa ń pe ohunkóhun tó bá ní ẹ̀gún tí kò sì ní ewé ní ọrọ́. Lóòótọ́ wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí kan náà. Tí èèyàn bá gé ọrọ́ ilé wa, oje funfun bíi wàrà ló máa jáde, oje yẹn ò sì dáa fún ojú rárá. Kákítọ́ọ̀sì tó pọ̀ jù kò ní irú oje bẹ́ẹ̀, omi ni wọ́n kó pamọ́ sínú ara wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kákítọ́ọ̀sì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, láti Kánádà títí dé ìsàlẹ̀ Argentina. Torí náà, láyé àtijọ́, ará Yúróòpù tó bá fẹ́ rí wọn nínú igbó tiwọn, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi kó sọdá òkun.

Wọ́n bí Frič ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882 ní Prague. Nígbà náà, abẹ́ ọba Austria ni ìlú náà wà. Ẹbí tó gbajúmọ̀ ni ẹbí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà nínú ẹbí náà. Kákítọ́ọ̀sì ló gba ọmọ náà lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé ló ti ń kó wọn jọ, tó ń kọ́ orúkọ wọn, tó sì ń tọ́jú wọn. Kó tó pé ọmọ 20 ọdún, àwọn àgbàlagbà tó ń gbin kákítọ́ọ̀sì ti mọ orúkọ rẹ̀.

Àfi bí òtútù ṣe dé. Ní ìgbà òtútù kan, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, òtútù pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kákítọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Omi tó wà nínú ara kákítọ́ọ̀sì á di yìnyín. Yìnyín máa ń gba àyè ju omi lọ, torí náà á fa inú ewéko náà ya. Tí ojú ọjọ́ bá wá móoru padà, ara rẹ̀ á rọ̀, á sì jẹrà. Lójú tèmi, ká ní èmi ni, mo lè ti sunkún kí n sì fi í sílẹ̀, kí n lọ máa gbá bọ́ọ̀lù. Frič ò fi í sílẹ̀. Ó pinnu pé òun máa lọ wo ibi tí wọ́n ti ń hù fúnra òun.

Ní ọdún 1901, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bùràsíìlì. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tó kúrò nílé. Nínú igbó níbẹ̀, ẹranko jaguar kan, tó dà bí àmọ̀tẹ́kùn ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, ṣe é léṣe gan-an. Síbẹ̀ kò ní òun ò lọ mọ́. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1929, ọ̀pọ̀ ìgbà ló lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó sì padà. Ó dé Bùràsíìlì, Paraguay, Argentina, Bolivia àti Mẹ́síkò.

Kákítọ́ọ̀sì ló ń wá lọ, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ló bá pàdé. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí àwọn òyìnbó tó dé ló gbà á sílé. Ó bá wọn gbé, ó kọ́ èdè wọn, ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ èdè wọn sílẹ̀, ó sì ya fọ́tò wọn. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ìyẹn, torí ohun tí àwa náà ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn, à ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó má bàa sọnù.

Ohun burúkú kan wà tó rí níbẹ̀. Ní apá gúúsù Bùràsíìlì, ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina, àwọn ará Jámánì tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún àwọn ọdẹ kan pé kí wọ́n máa wọ inú igbó lọ pa àwọn èèyàn. Ẹ gbọ́ o, èèyàn ni mo wí, kì í ṣe ẹran. Ní ọdún 1908, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé ńlá ní ìlú Vienna. Frič dìde níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí i. Ilé ọnà kan ní Jámánì tó ti ń bá ṣiṣẹ́, tó ń kó nǹkan ránṣẹ́ sí, kò bá a ṣe mọ́. Owó tó yẹ kó máa rí lọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kó tó la ẹnu. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju ìtàn jaguar lọ.

Ọdún 1908 yẹn kan náà ló mú ọkùnrin kan wá sí Prague. Cherwuish ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ẹ̀yà Chamacoco ni, láti agbègbè Chaco ní Paraguay. Àrùn kan ń pa àwọn èèyàn Cherwuish nílé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Frič fẹ́ kí àwọn dókítà Yúróòpù yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Prague, wọ́n rí i pé aràn inú ni, wọ́n sì rí oògùn rẹ̀. Cherwuish gbádùn, Frič sì kó oògùn náà lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tí Cherwuish fi wà ní Prague. Àwọn èèyàn máa ń wò ó bí ìran. Nígbà tó padà délé, ó ròyìn ohun tó rí fún àwọn ará rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, ilé gíga àti gbogbo nǹkan. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn. Ní ìlú àjèjì, wọ́n ń wò ó bí àjèjì. Ó délé tán, wọn ò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Àwa tí a ní ilé méjì mọ díẹ̀ nínú bó ṣe máa ń rí. Nígbà tí mo lọ sí Ìbàdàn, tí mo sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n dádì mi pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, ńṣe ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó wá ku ìtàn kákítọ́ọ̀sì tèmi. Orúkọ rẹ̀ ni Astrophytum asterias. Èdè Gíríìkì ló wà nínú orúkọ náà, ìràwọ̀ àti ewéko ni ó túmọ̀ sí. Kò ní ẹ̀gún kankan. Ó rí pẹrẹsẹ bíi bọ́tìnnì ńlá, ìlà 8 ló sì sábà máa ń pín in, bí ìgbà tí èèyàn gé àkàrà òyìnbó sí 8. Àmì funfun wínníwínní wà lára rẹ̀ káàkiri bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, àárín rẹ̀ sì pupa. Ibi tó ti ń hù kò ju àríwá ìlà-oòrùn Mẹ́síkò àti apá kékeré kan ní Texas lọ. Ní àsìkò ọ̀dá, ó máa ń súnkì wọlẹ̀ títí erùpẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má mọ̀.

Ní ọdún 1843, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karwinski rí i ní Mẹ́síkò, ó sì mú un wá sí Yúróòpù. Ní ọdún 1845, onímọ̀ ewéko kan ní Munich, Zuccarini, kọ nípa rẹ̀ ó sì fún un lórúkọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n mú wá kú. Kò sẹ́ni tó tún rí i. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, àwòrán rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí òun fúnra rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn títí Frič fi dé Mẹ́síkò ní ọdún 1923. Òun ló tún un rí, ó sì mú un padà wá sí Yúróòpù. Inú àwọn tó ń gbin kákítọ́ọ̀sì dùn púpọ̀, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ ọ̀kan.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, torí àwọn kan nínú kíláàsì wa rò pé kákítọ́ọ̀sì ò nílò ìtọ́jú. Dádì mi ra tèmi fún mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 9. Kò tóbi ju owó ẹyọ kan lọ nígbà yẹn. Láti inú èso ni ẹni tó tà á fún wa ti gbìn ín, kò wú u nínú igbó. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá. Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí omi lè máa tètè ṣàn jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń bomi rin ín dáadáa, lẹ́yìn náà mi ò ní fún un lómi mọ́ títí ilẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, mi ò ń fún un lómi rárá. Tí ó bá tutù tí ilẹ̀ rẹ̀ sì lómi, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn tó mú jù, torí nínú igbó tirẹ̀, abẹ́ igi kéékèèké ló máa ń wà. Ibi tó bá wà kò sì gbọdọ̀ tutù débi tí omi á fi di yìnyín, ohun tó pa àwọn ti Frič nìyẹn.

Èso rẹ̀ rí bí fìlà kékeré, ó sì máa ń léfòó lórí omi. Tí èèyàn bá gbìn ín síbi tó móoru tó sì tutù díẹ̀ fún omi, ó lè hù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù ló kù. Ọdún mélòó kan ló máa ń gbà kó tó yọ òdòdó. Bí ó bá sì yọ òdòdó, ọ̀kan ṣoṣo ò lè so èso. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí èèyàn mú lẹ́búlẹ́bú láti inú òdòdó ti ọ̀kan lọ sínú òdòdó ti èkejì. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ń fi agbára bomi rin kákítọ́ọ̀sì ìràwọ̀ ní ojoojúmọ́, láìpẹ́ kò ní ní nǹkan kan mọ́.

Ohun kan wà tí èmi àti Frič ò ní fi gbà fún ara wa ká ní ó ṣì wà láyé. Ó máa ń wú kákítọ́ọ̀sì nínú igbó, á kó wọn wá sí Yúróòpù, á sì tà wọ́n. Ohun tí gbogbo ọdẹ kákítọ́ọ̀sì ń ṣe nígbà yẹn nìyẹn, kò sófin tó ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ohun tí kò hù ju ibi díẹ̀ lọ, tó sì ń pẹ́ kó tó dàgbà, tí gbogbo ayé bá ń wú u, kí ló máa ṣẹ́ kù? Àwọn èèyàn wú kákítọ́ọ̀sì ìràwọ̀ débi pé àwọn ìjọba ní láti dá sí i. Ní ọdún 1987, wọ́n fi í sínú ìwé àkọ́kọ́ ti àdéhùn CITES, níbi tí àwọn ewéko àti ẹranko tó wà nínú ewu jù lọ wà. Òfin náà ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ wú u nínú igbó kó máa tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní ọdún 1993, Amẹ́ríkà náà fi òfin tiwọn dáàbò bò ó. Èrò tèmi ni pé Frič ṣe ohun rere bó ṣe wá a rí, ṣùgbọ́n àwọn tó gbìn ín láti inú èso ló gbà á là. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá láti inú èso ló ti gbìn ín.

Frič padà sí Prague, ó sì ń gbé ní ilé kan tó ní ilé gíláàsì fún àwọn kákítọ́ọ̀sì rẹ̀, ní agbègbè Košíře. Ó kọ ọ̀pọ̀ ìwé, títí kan ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé nípa àwọn èèyàn tó bá gbé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó fún ọ̀pọ̀ kákítọ́ọ̀sì lórúkọ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ náà kò dúró, torí kò kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀nà tí òfin àwọn onímọ̀ ewéko là kalẹ̀. Mo rò pé kò ní sùúrù fún ìwé bó ṣe ní in fún ewéko.

Ní ọdún 1939, ìjọba Násì ti Jámánì gba Prague. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò ogun, kò sí bí èèyàn ṣe lè máa wá èédú jó nítorí kákítọ́ọ̀sì. Ilé gíláàsì rẹ̀ tutù, àwọn kákítọ́ọ̀sì rẹ̀ sì kú. Ìgbà kejì nìyẹn láyé rẹ̀ tí òtútù kó ohun tó kó jọ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀dọ́ ni, ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi kó lọ wá òmíràn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dàgbà, ogun sì ti dí gbogbo ọ̀nà.

Ó kú ní Prague ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ọmọ ọdún 62 ni. Jaguar ò pa á, ejò ò pa á, òkun ò gbé e lọ. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ló pa á, àrùn tó máa ń wọlé láti ojú ọgbẹ́. Àwa ọmọdé òde òní máa ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, torí náà ẹ má sunkún tí nọ́ọ̀sì bá dé.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Frič bí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú obìnrin Chamacoco kan ní Paraguay, àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọ̀rọ̀ èdè tó kọ sílẹ̀ wà. Kákítọ́ọ̀sì ìràwọ̀ náà kò sì sọnù mọ́. Ó wà ní ilé gíláàsì ní Prague, ó wà ní Jàpáánì níbi tí wọ́n ti ń gbin èyí tí àmì funfun rẹ̀ tóbi bí òjò dídì, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá kan.

Ohun tí mo kọ́ nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn bá tì mọ́ ilé nìkan, òtútù ọjọ́ kan lè kó o lọ. Ohun tó bá fún ẹlòmíràn ló máa ń kù. Tí tèmi bá yọ òdòdó, màá wá ẹni tó ní èkejì, ká lè jọ rí èso. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn nínú yín, kó sọ fún mi, màá fún un.